Etíkun onígéètì, etíkun gbalasa, tàbí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀: èwo ni ká béèrè fún?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà tó wọ òkun nílùú Èkó ń dín kù ni lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún nínú àwa tá a dàgbà sí Èkó á rántí Bar Beach ní Victoria Island. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mólùẹ́, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ti dé etí omi. Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà lápá kan, àwọn ọmọdé ń gun ẹṣin lápá kejì, ìyá alágbọn jókòó sáàárín wọn. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé níbo lẹ̀ ń lọ. Ojú ibẹ̀ ni Eko Atlantic wà báyìí, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn kún òkun kọ́, tó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 1,000, tí ògiri òkúta sì dúró níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe ẹjọ́ Bar Beach ni mo fẹ́ rò. Àdúgbò wa, lápá ibi tí Lẹ́kí ti kọjú sí òkun, ṣì ní iyanrìn díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ògiri yí ká. Oníṣòwò kan fẹ́ gbà á kó fi géètì sí i. Àwọn kan nínú wa ní ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti rí àwòrán etíkun Rio ní Brazil lórí fóònù ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn fẹ́. Ìpàdé mẹ́ta la ti ṣe, ariwo la sì fi parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni wọ́n wá ní kí n kó ọ̀rọ̀ náà jọ, kí n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí kálukú lè rí ohun tó ń yàn. Bí ìlú tiyín náà bá wà létí òkun, ì báà jẹ́ Badagry, Cotonou tàbí Lomé, ẹ lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo fi pamọ́: kí wọ́n gba owó àga, kí wọ́n gba owó agboòrùn, kí wọ́n gba owó ibi tí à ń gbé mọ́tò sí. Kí wọ́n má gba owó iyanrìn.

Etíkun onígéètì

Èyí ló wọ́pọ̀ jù ní Èkó. Ìdílé ọba tàbí ilé iṣẹ́ kan ló mú ilẹ̀ náà dání, ẹ ó sì sanwó lẹ́nu géètì kí ẹ tó rí omi. Etíkun Ẹlẹ́gúṣì ní Ìkàtẹ́ wà lára èyí tí èèyàn mọ̀ jù nínú irú wọn.

Ire tó wà nínú irú etíkun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n máa ń gbálẹ̀. Iná máa ń wà lálẹ́, ẹ̀ṣọ́ máa ń wà, ẹni tó ń ta súyà àti ẹni tó ń ta ẹja yíyan ní ojú ibi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ ó sì rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé wọ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ ṣeré di aago mẹ́wàá alẹ́, ibẹ̀ lọkàn wọn máa balẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ń rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni iye ẹnu tí géètì kan ṣoṣo máa ń ní. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ìyá mi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ mẹ́ta lọ sí etíkun kan. A sanwó mọ́tò lẹ́bàá títì. A sanwó orí lẹ́nu géètì, wọ́n gba ti ọmọ ọdún mẹ́rin náà. Bí a ṣe tẹ́ ẹní, ọmọkùnrin kan dé, ó ní ẹni tó bá fẹ́ jókòó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àga, àga sì ní iye tirẹ̀. Mo ní a mú ẹní wa wá láti ilé. Ó ní wọn kì í tẹ́ ẹní níbí. Ìyá mi wò mí lójú, wọ́n ní, "Dákun, san án, ká jókòó." Kí a tó fi ẹsẹ̀ kan omi, owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ àwọn ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí mo padà lọ sẹ́nu géètì lọ ra omi, mo rí ìdílé kan tó dúró lóde. Bàbá ń ka owó lọ́wọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọ́n yí padà. Ọmọbìnrin wọn ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ láti ilé.

Ohun mìíràn ni pé géètì ò dájú fún ẹni tó kọ́ ọ pàápàá. Lọ́dún 2024, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etí òkun láti Èkó lọ sí Calabar, èyí tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 700, wọ́n wó àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́ tó wà ní etíkun Landmark ní Victoria Island. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣọdún, tí àwọn oníṣòwò kéékèèké kó owó lé, ó di ojú ọ̀nà. Èmi kọ́ ni màá dá ẹjọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n bá fi ìwé mú, ìwé mìíràn láti òkè lè gbà á. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìlú ló ni ibẹ̀ nínú máàpù ìjọba, gbogbo ìlú ló máa dìde béèrè.

Etíkun gbalasa

Mo pè é ní gbalasa nítorí pé kò ní ògiri, kò ní géètì, kò sì ní ẹni tí a lè ké sí. Bí tiwa ṣe rí nìyí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ ó bá àwọn apẹja, Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, bí ogún ọkùnrin lórí okùn kan, wọ́n ń fa àwọ̀n bọ̀ láti inú òkun, wọ́n ń dárin sí i. Okùn náà nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ó sì ti dá àpá sí wọn láàtẹ́lẹwọ́. Àwọn ìyàwó wọn ti gbé abọ́ dúró, wọ́n ń wo bí ẹja ṣe máa pọ̀ tó. N kò tíì rí etíkun onígéètì tó fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ike omi, ọ̀rá, sílípáàsì tó já, gbogbo ohun tí ọ̀sà bá gbé jáde, orí iyanrìn wa ló ń bọ̀. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ sì mọ ohun tó máa wà lẹ́yìn igi àgbọn. Ilẹ̀ bá ti ṣú, obìnrin kì í dá rìn níbẹ̀. Etíkun tí kò lólùtọ́jú náà sì ni àwọn aláṣẹ máa ń wò bí ilẹ̀ òfìfo. Nígbà tí òkun ya wọ Kuramo, etíkun kan ní Victoria Island, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, tó gbé àwọn èèyàn tó ń gbé inú ilé pákó lọ, kò pẹ́ tí ìjọba fi kó àwọn tó kù kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kan bi mí nínú ìpàdé pé, Tarkwa Bay ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀ dé ibẹ̀, owó ọkọ̀ ló sì wá di géètì. Omi ibẹ̀ rọ̀ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, nítorí ògiri òkúta tó wà lẹ́nu èbúté Èkó ló ń gba ìgbì dúró fún un. Àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ti di ọ̀gá nínú eré gígun ìgbì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé kúrò nílé wọn níbẹ̀, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń bẹ́ ọ̀pá epo ni. Mo fẹ́ràn Tarkwa Bay fún ọjọ́ ìsinmi, kí jákẹ́ẹ̀tì omi ṣáà wà lọ́rùn kálukú nínú ọkọ̀. Kò lè jẹ́ ìdáhùn fún ìyá arúgbó tó kàn fẹ́ gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀

Èyí ni ọ̀nà gbọọrọ tí wọ́n fi òkúta tàbí pákó tẹ́, tó ń bá etí iyanrìn lọ, tí mọ́tò ò gbọdọ̀ gùn. Ẹ ó máa rìn, ẹ ó máa wo òkun. Ẹni tó bá wù ú á sọ̀ kalẹ̀ sínú iyanrìn.

Ti Copacabana ní Rio de Janeiro gùn tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin. Òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n tò bí ìgbì. Ní nǹkan bí ọdún 1970, wọ́n kó iyanrìn kún etíkun náà kó lè fẹ̀ sí i, Roberto Burle Marx, ayàwòrán ọgbà ará Brazil, ló sì ya àwòrán ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà níbẹ̀ dòní. Ohun tó gbé e ró kì í ṣe òkúta nìkan, òfin ni. Òfin 7.661 ti ọdún 1988 ní Brazil sọ pé ti gbogbo èèyàn ni etíkun, pé ọ̀nà àtidé ibẹ̀ àti àtiwọ òkun gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo láti apá ibikíbi, àfi níbi tí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè bá ti wọ̀ ọ́ tàbí níbi tí òfin mìíràn bá dáàbò bò. Bí hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣe lè tóbi tó lójú títì, kò lè fi okùn dí iyanrìn.

Owó ń wọlé níbẹ̀ o. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lórí ọ̀nà náà ń ta omi àgbọn àti ìpápánu. Ẹni tó bá fẹ́ àga tàbí agboòrùn á yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń pa àgọ́ sórí iyanrìn. Ẹni tó bá mú ẹní tirẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó bi í. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìwẹ̀ tó wà lẹ́bàá ibùdó àwọn tó ń ṣọ́ omi ní iye tí wọ́n ń gbà. Àwọn panápaná ìpínlẹ̀ náà ló ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á dí apá kan títì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ àwọn onímọ́tò, ó di ti àwọn ọmọdé àtàwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Èyí ṣe pàtàkì fún àwa tí wọ́n ń la ọ̀nà ńlá gba etí òkun wa: ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà kọjá.

Ohun tó mú mi lọ́kàn jù ni Yemọja. Ní alẹ́ tí ọdún bá ń parí, àwọn èèyàn á wọ aṣọ funfun wá sí Copacabana, wọ́n á gbé òdòdó àti ọkọ̀ kékeré tó kún fún ẹ̀bùn sórí omi fún un. Ní Salvador, ìlú mìíràn ní Brazil, ní àdúgbò Rio Vermelho, ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni tiwọn. Èrò á tò gbọọrọ, wọ́n á fi ẹ̀bùn sínú agbọ̀n, àwọn apẹja ló sì ń wa ọkọ̀ gbé e lọ sójú agbami. Ilé àwọn apẹja ò kúrò létí omi. Òun àti ilé Yemọja gan-an ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òrìṣà tí àwọn èèyàn wa gbé sọ́kàn nínú ọkọ̀ ẹrú lọ sí òkèèrè, ó ní etíkun tí ẹnikẹ́ni lè dé lọ́hùn-ún. Ẹ bá mi ronú ibi tí ẹni tó fẹ́ bọ Olókun ní Victoria Island máa gbà kọjá lónìí.

Durban ní Gúúsù Áfíríkà náà ní ohun tó kọ́ wa. Lábẹ́ òfin ìpínyà ti ọdún 1953, àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ya iyanrìn tó dára jù sọ́tọ̀ fún. Ọdún 1990 ni wọ́n fagi lé òfin náà. Nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010 ń bọ̀, wọ́n mú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ etí òkun wọn fẹ̀ sí i. Òfin etíkun tí wọ́n ṣe ní 2008 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba owó ìwọlé sí etíkun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú àyàfi bí mínísítà bá fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, ti ìtọ́jú sì le ju ti kíkọ́ lọ: iyọ̀ òkun á jẹ irin, pákó á jẹrà, iná á kú, kò ní sí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ibi kan bá sì ti lẹ́wà, owó ilé á gòkè, wọ́n á wá máa wo ìyá alágbọn bí ìdọ̀tí. Bí ẹ bá máa béèrè fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Ìbéèrè kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

*Ta ni yóò yọ ọmọ mi nínú omi?* Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Omi tiwa jìn lójijì, ìgbì rẹ̀ lágbára, ó sì ní omi kan tó máa ń fa èèyàn láti etí lọ sáàárín. Ẹ wo ibi tí ìgbì ò ti fọ́, tó dà bíi pé ó pa rọ́rọ́, tí fófòó àti iyanrìn ń ṣàn lọ sí agbami: ibẹ̀ gan-an ló léwu. Ẹni tó bá ká mọ́ kó má bá omi jà. Kó léfòó, kó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń rìn lẹ́bàá etíkun, títí omi á fi jọ̀wọ́ rẹ̀, kó tó kọjú sí ilẹ̀. Etíkun onígéètì lè ní olùṣọ́; ẹ béèrè pé ẹni mélòó ni, aago mélòó ni wọ́n ń lọ sílé. Ti gbalasa ò ní rárá, àwọn apẹja ló ń gba èèyàn là bí wọ́n bá wà nítòsí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láìsí olùṣọ́ burú ju gbalasa lọ, torí ó ń pe èrò tí kò mọ òkun. Àsíá pupa túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi. Èyí tó jẹ́ pupa lókè, yẹ́lò nísàlẹ̀, ń fi ibi tí olùṣọ́ wà hàn.

*Ṣé ìyá mi lè dé etí omi?* Orúnkún ń dun ìyá mi. Lọ́jọ́ tí mo wí yẹn, ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn ń wọnú iyanrìn títí dé ìdajì, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á tún gbé ẹsẹ̀ kan. A ò dé etí omi. Ibi tí a jókòó sí ni wọ́n ti wo òkun, tí àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ bu omi wá fún wọn. Kò gba ju pákó tàbí ẹní rọ́bà líle tí a tẹ́ láti títì dé ibi tí iyanrìn ti tutù, tó sì fẹ̀ tó kí kẹ̀kẹ́ akàndá ẹ̀dá gba ibẹ̀. Òfin tó dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe, ọdún náà sì ti pé. Níbi ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ borí àwọn méjì yòókù pátápátá.

*Ṣé òkun ò ní gbé e lọ?* Iyanrìn etíkun wa kì í dúró. Ó ń rìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Láàárín 1908 àti 1912 ni wọ́n kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ògiri náà dá iyanrìn dúró. Etíkun Lighthouse, ní ìwọ̀ oòrùn ògiri náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, Bar Beach ní ìlà oòrùn rẹ̀ ń jẹ lọ, ìjọba sì ń kó iyanrìn dà síbẹ̀ léraléra títí Eko Atlantic fi dé. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wà ní ìlà oòrùn Lomé lẹ́yìn tí èbúté wọn ṣí ní 1968. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da kọnkéré sí ibi tí ìgbì lè dé. Pákó tó ṣeé tú, àgọ́ tó ṣeé gbé. Ẹ fi àgbọn sílẹ̀, ẹ sì fi ewéko tó ń fà nílẹ̀, tó ń yọ òdòdó àlùkò, sílẹ̀. Gbòǹgbò wọn ló ń di iyanrìn mú.

Bí mo ṣe máa yàn

Bí ilẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ ìdílé tàbí ilé iṣẹ́, tí kò ṣeé gbà padà, ẹ má fi agbára ṣòfò lórí wíwó géètì. Ẹ béèrè fún ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè gbà dé omi láìsan kọ́bọ̀, kí iyanrìn tó tutù sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Kí àwọn wà pẹ̀lú àga wọn lókè.

Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi iṣẹ́ àwọn apẹja, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Kí àárọ̀ jẹ́ ti àwọ̀n, kí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ìgbafẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àpótí ìdọ̀tí, iná àti olùṣọ́ méjì ti yí gbalasa padà kí ẹ tó ronú kan òkúta aláwọ̀ méjì.

Bí ìjọba bá ní owó, tí ilẹ̀ náà sì wà nínú máàpù gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ìlú, ẹ béèrè fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àmọ́ òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu alága kan ò tó. Ẹ jẹ́ kó wọ ìwé.

Ti àdúgbò wa, ohun tí mo máa gbé lọ sí ìpàdé nìyí: ọ̀nà ọ̀fẹ́ méjì láti títì dé omi, ọ̀kan pẹ̀lú pákó, tó fẹ̀ tó kí ọkọ̀ aláìsàn wọ̀ ọ́. Kí oníṣòwò wa gba ibi ìgbọ́kọ̀sí àti àga, kó fi lára owó rẹ̀ san àwọn olùṣọ́ omi. Kí àwọn apẹja ní ibi tí wọ́n ń fa àwọ̀n sí, kí wọ́n fi òpó sàmì sí i. Kí ìyá alágbọn wà ní ibi tó wà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la ó fi okùn wọn ọ̀nà náà. Ìyá mi ní àwọn máa wá, àwọn á fi ọ̀pá àwọn rìn ín láti títì dé etí omi kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé.